Ó yege ìdánwò ọpọlọ, àmọ́ kò yẹ ká fọmọ tì í

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa. Ẹ ní ẹ̀yin àtàwọn obìnrin ìjọ yín fẹ́ ṣí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Kubwa, saikọ́lọ́jíìsì kan sì ti ṣèlérí pé òun á ṣàyẹ̀wò ọpọlọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà síṣẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀ lójú yín, ẹ wá ń béèrè pé tẹ́ ẹ bá san án, ṣé ọkàn yín lè balẹ̀.

Ọdún 11 ni mo fi ṣe mátírọ́ọ̀nù irú ilé bẹ́ẹ̀ lápá Nyanya. Tápá yín bá ká àyẹ̀wò náà, ẹ ṣe é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ fọkàn balẹ̀. Ojú mi ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún kẹrin mi níbẹ̀, a gba ọkùnrin kan tó máa ń tọ́jú àwọn ọmọkùnrin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó ń sọ Haúsá bí ẹni ń mumi, kò sì pẹ́ táwọn ọmọ fi ń sáré pàdé rẹ̀ ní géètì. Saikọ́lọ́jíìsì tó ṣe ìdánwò fún un kọ lẹ́tà ojú ewé méjì: ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní sùúrù, kò sí àmì àìsàn ọpọlọ kankan. Mo ki lẹ́tà yẹn sínú fáìlì, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì pa gbogbo ohun yòókù tó yẹ kí n ṣe tì. Ó kọ orúkọ onígbọ̀wọ́ méjì àti nọ́ńbà wọn sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò pe ọ̀kankan nínú wọn. Mo rò pé kí ni mo tún ń wá, nígbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀?

Nígbà tó di oṣù keje, ọmọ ọdún 9 kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lóru. Màá gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àmọ́ bílẹ̀ bá mọ́, ẹnu ọ̀nà náà ni màá tún bá a. Mo sọ fúnra mi pé àlá burúkú ló ń lá. Mo ń gbàdúrà fún un. Àǹtí tó ń dáná fún wa ló là mí lójú lọ́jọ́ kan tá a jọ ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti kíyè sí i pé ọmọ yẹn nìkan ni ańkù máa ń mú dání lọ ra búrẹ́dì? Fóònù kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà o.” Ọwọ́ mi dúró gbagidi sínú ìrẹsì.

Ọlọ́pàá mú un. Ohun tójú ọmọ náà rí, òun ló ni ín, mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Lẹ́yìn tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni mo wá tẹ nọ́ńbà onígbọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Kaduna. Obìnrin tó gbé e kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní, “Hà, ọ̀dọ̀ yín ló wá? Àwa kàn ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, a ò fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́.” Ìpè yẹn ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo fìbínú lọ bá saikọ́lọ́jíìsì náà ní ọ́fíìsì ẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Mátírọ́ọ̀nù, ohun tẹ́ ẹ ní kí n yẹ̀ wò ni bóyá ara ẹ̀ yá. Ara ẹ̀ yá.”

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ìdánwò yìí tó yé mi. Ẹ gbọ́ orúkọ ìdánwò ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MMPI lẹ́nu saikọ́lọ́jíìsì tiyín náà, àbí? Ọdún 1943 ni wọ́n gbé e jáde ní Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó lè ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ àìsàn tó ń ṣe ẹni tó wá gbàtọ́jú. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1989 ní ìbéèrè 567, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lèèyàn á fi dáhùn wọn. Ó lè fi hàn pé ìsoríkọ́ wà lára ẹnì kan. Ó tiẹ̀ ní àwọn ìbéèrè tó ń tú ẹni tó fẹ́ ṣe bí áńgẹ́lì fó. Àmọ́ kò tíì sí ìdánwò kankan láyé yìí tó lè nàka sí ẹni tó máa ṣe ọmọdé níṣekúṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ò ṣàìsàn ọpọlọ. Ojú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì mọ ìdáhùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́.

Ìdánwò yìí tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èèyàn dáadáa lọ́wọ́ wa. Obìnrin kan wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa láti àgọ́ àwọn tógun lé kúrò nílé ní Durumi, ará Gwoza ní ìpínlẹ̀ Borno ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìdánwò náà, akọ̀wé kan wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá fún un gbúdu-gbùdu. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí nítòsí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ pé kò yẹ lẹ́ni tá a lè gbà. Mo pè é jókòó, mo fi Haúsá bi í pé ohùn ta ni. Ó ní ohùn ọmọ òun obìnrin ni, tó já gbà mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lọ́dún 2014 nígbà tí Boko Haram gba ìlú wọn. Ní ìdájí, ó máa ń dà bíi pé ọmọ náà ń pe òun. Ṣé ìyá tọ́mọ rẹ̀ sọ nù wá di wèrè nítorí ìyẹn? Mo ní ká gbà á, mo sì wá dókítà tó gbọ́ Haúsá táá máa bá a sọ̀rọ̀. Títí mo fi fibẹ̀ sílẹ̀, òun làwọn ọmọ ń ké pè tí ibà bá ń ṣe wọ́n.

Torí náà, ibi tí mo máa kọ́kọ́ náwó àti àkókò sí nìyí. Ẹ pe ibi tẹ́ni náà ti ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe pásítọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ má gba lẹ́tà, ohùn ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ lè tún gbà á síṣẹ́? Ṣé ẹ lè fi ọmọ tiyín tì í lóru?” Kẹ́ ẹ wá fetí sí bí wọ́n ṣe máa dákẹ́ tó. Tí ọdún kan bá ṣófo láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ béèrè ibi tó wà. Ojú àwọn òyìnbó náà rí i kí wọ́n tó gbọ́n. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Beck ṣe ọ̀gá àwọn ilé ọmọdé ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bá àwọn ọmọ ṣèṣekúṣe, ó sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá a lẹ́bi. Lọ́dún kejì, ìgbìmọ̀ tí Norman Warner darí gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ sílé ọmọdé.

Ẹ tún wo ìwé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, èyí tí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, gbé jáde lọ́dún 2019. Òfin VAPP ti ọdún 2015, èyí tó ka híhùwà ipá síni léèwọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá níbí ló ní kó wà. Àmọ́ ẹni tẹ́jọ́ bá ti dé ìdájọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ò sí níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Àgùnbánirọ̀, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó gbé àpò ìrẹsì wá tó fẹ́ ya fọ́tò. A fi lélẹ̀ pé àlejò kankan ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ, kódà kó mú un lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa bínú, ó ní mo ń fi ojú olè wo àwọn olóore. Mi ò yí i padà.

Ohun kan ṣì kù, ó sì nira fún mi láti sọ. Lọ́dún kẹjọ mi, ọmọ kan da kókó sílẹ̀, mo gbá a létí tó fi ṣubú. Àǹtí yẹn náà ló di ọwọ́ mi mú. Èmi tí mo yege ìdánwò tèmi! Oorun wákàtí mẹ́ta ni mo sùn lójúmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́rin. Kò sí ìdánwò ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lè rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Torí náà, tí owó yín ò bá tó méjì, ẹ má san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìdánwò. Ẹ ní kí saikọ́lọ́jíìsì náà máa wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kó jókòó ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì máa béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìntáfíù, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo ṣì wà ní Nyanya, ọjọ́ Sátidé ló rọ̀ mí lọ́rùn, màá bá yín jókòó.