Kẹ̀kẹ́ wọlé tán, ibo ló ti máa yí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ń dáwó jọ láti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo èèyàn á máa lò. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni àbúrò mi ọkùnrin wà, tó bá ti fẹ́ jáde kì í mu omi rárá torí kò síbi tó máa tọ̀ sí. Bíríkìlà ní òun á da sìmẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ lè gùn ún, ó parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, kò tíì parí o. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an, tí ẹnu ọ̀nà bá fi 15 sẹ̀ǹtímítà ga ju ilẹ̀ lọ, kó fà á gùn tó mítà 1.80 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fọwọ́ yí táyà á kàn máa yí padà sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n inú ilé lọ̀rọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ nílò mítà kan àtààbọ̀ lóòró àti níbùú kó tó lè yí po, kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, kó sì máa ṣí síta, torí èyí tó ń ṣí sínú á jẹ gbogbo àyè yẹn, tí èèyàn bá wá ṣubú sẹ́yìn ẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ráyè wọlé gbé e?

Ihò ìgbọ̀nsẹ̀ tí à ń lóṣòó lé ò ṣeé lò fún àbúrò yín. Kí wọ́n ṣe ìjókòó tó ga tó 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, kí àyè bíi 80 sẹ̀ǹtímítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa gbé kẹ̀kẹ́ sí kó lè sún bọ́ sórí ẹ̀, kí wọ́n sì ri irin ìdìmú mọ́ ògiri dáadáa, gbogbo ara èèyàn ló máa wà lórí ẹ̀ o. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ wà, ìta ni wọ́n ń fi sílẹ̀, wọ́n á wá máa fọwọ́ àti orúnkún wọ́ wọlé lórí ilẹ̀ tó rin gbindin. Ó ń dùn mí gan-an.

Tí wọ́n bá ní owó ò tó, ẹ rán wọn létí òfin 2017-06 tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 29 oṣù kẹsàn-án 2017 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ẹ ò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù, ẹ fi ẹfun fa ilà ilé náà sílẹ̀, kí àbúrò yín gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wọnú ẹ̀ kó yí po, ibi tí táyà bá ti kọjá ilà, kí bíríkìlà sún ògiri kúrò níbẹ̀.