"Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ": ṣé èébú ni wọ́n bú àwọn ọmọ bàbá sójà?

Ẹnìkan béèrè pé òun tẹ̀lé ọ̀rẹ́ òun lọ sin bàbá ẹ̀ ní Ọmùò-Èkìtì. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, arúgbó kùjọ́kùjọ́, gbogbo ẹni tó dìde ló ń sọ bó ṣe tọ́jú ìyàwó àtọmọ, àfi ìgbà tí àgbà kan gba ọ̀rọ̀ tó ní "ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ". Èkó ni wọ́n bí ẹni tó béèrè yìí sí, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun, ó dà bíi pé wọ́n ń sọ fáwọn ọmọ olóògbé pé wọn ò ṣeé fọkàn tán.

Rárá o, kì í ṣe èébú. Bàbá yẹn ń kí àwọn ọmọ kú oríire ni.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. "Láyọ̀lé" yẹn, ní àyọ̀lé ni, ìyẹn ohun téèyàn lè gbé gbogbo ayọ̀ ẹ̀ lé, kó kà pé ó ti parí. Ọmọ ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ń ṣe àríyá, wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á gúnyán, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọmọ ọ̀hún á kẹ́yìn òbí ẹ̀. Ọmọ lè ṣáájú. Tó bá sì ṣáájú, nílẹ̀ wa òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ojú oórì, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí tóun náà á fi kú. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn, kò sílù, kò sí aṣọ ẹbí, ẹkún ṣáá ni. Òkú àgbà là ń náwó sí, òun là ń kíra wa fún pé "ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dáa". Torí náà ọjọ́ tí ọmọ bá fọwọ́ ara ẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sórí bàbá ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá bímọ.

Ẹ wá wo ti sójà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wúwo. Nígbà ogun Kírìjì tí Èkìtì Parapọ̀ kọjú sí Ìbàdàn láti 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ọ̀pọ̀ tó jáde ò délé mọ́ (ulé, bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é). Láyé ìgbà yẹn tí ẹni ńlá bá kú sójú ogun tó jìnnà, wọ́n á gé irun orí ẹ̀ àti èékánná ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á gbé wálé fẹ́bí láti sin. Àwọn tí wọ́n kó lọ sógun Bọ́má nígbà Hitler ńkọ́? Ẹlòmíì, èékánná ẹ̀ pàápàá ò padà wá. Fajuyi tiwa náà, ọmọ Adó, sójà tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò ẹ̀ Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, ní 29 July 1966, ọmọ ogójì ọdún péré ni. Páàkì tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ wà ní Adó, orí wa sì ń wú tá a bá dárúkọ ẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pe irú ikú yẹn ní òkú àgbà. Ìjọba ní ọjọ́ tiwọn tí wọ́n fi ń rántí àwọn sójà tó kú, 15 January, ọjọ́ tógun abẹ́lé parí ní 1970, wọ́n á gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn sókè, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ọ̀rọ̀ àgbà yẹn ju gbogbo ìbọn yẹn lọ, torí ohun tó ń sọ ni pé ẹni togun ò pa yìí, ọmọ ẹ̀ ló sin ín.

Nǹkan míì tún wà ńbẹ̀ tó máa ń wù mí. "Sin ín" ni ti òkú, "sìn ín" ni ti ẹni tá a ń tọ́jú tàbí tá a ń sìn sọ́nà. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn wọn á di ọ̀kan: o sin àlejò, o sin ilẹ̀ bàbá ẹ, o sin bàbá ẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà létí.

Bàbá tèmi náà jagun abẹ́lé yẹn. 1967 ló lọ, oyún ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìyá mi, oṣù mọ́kànlá ni wọn ò fi gbúròó ẹ̀ rárá. Nígbà tó dé kì í sọ̀tàn ogun, tẹ́ ẹ bá bi í á ní kẹ́ ẹ lọ kàwé yín. Àmọ́ gbogbo alẹ́ Sunday ló máa ń kó yúnífọ́ọ̀mù àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, á finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, á máa lọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní bárékè, kò ní jẹ́ kí ìyá mi fọwọ́ kàn án, á ní ìyá ti ṣe tiẹ̀ látàárọ̀. Ìlà ṣòkòtò wa máa ń mú bí ọ̀bẹ.

Nígbà tó kú lẹ́ni ọdún 79, wọ́n rán aṣọ funfun tí wọ́n máa fi tẹ́ ẹ, àbúrò mi fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Ó lọ wá áyọ́ọ̀nù yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu ìpẹtà ẹ̀, ó finá sí èédú lẹ́yìnkùlé, ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún ń fẹ́ eérú kúrò lẹ́nu áyọ́ọ̀nù kó má bàa já sára aṣọ. Ìyá mi jókòó sórí àpótí nítòsí ẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan títí ó fi kan ṣòkòtò. Ìyá mi wá ní "ọmọ ò láyọ̀lé", wọ́n dákẹ́, wọn ò parí ẹ̀.