Ẹ má tíì fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ yẹn ránṣẹ́: èsì fún òbí tí ọmọ wọn wà ní Kuje

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin òbí tí ẹ kọ̀wé láti Birmingham. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ẹni ọdún 27, ti lo ọ̀sẹ̀ méje ní ẹ̀wọ̀n Kuje ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ owó oníbàárà. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà ní kí ẹ fi ₦1.5 mílíọ̀nù "owó béèlì" ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Màmá ò rí oorun sùn, Bàbá ní kí ọmọ jẹ ìyà ohun tó ṣe. Kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí.

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ gbà ṣáájú: orúkọ ilé ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ adájọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Bó bá jẹ́ Federal High Court ti Abuja, FHC/ABJ/CR ló máa bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà. Bó bá jẹ́ High Court ti FCT, ẹ ó rí FCT/HC/CR nínú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ COP tàbí IGP (orúkọ ipò àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá), ọlọ́pàá ló pẹjọ́. Bó bá jẹ́ FRN, ìjọba àpapọ̀ ni, EFCC sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà yẹn ya fọ́tò ìwé ẹ̀sùn àti ìwé tí adájọ́ fi ní kí wọ́n ti ọmọ náà mọ́lé. Lọ́yà tó bá ti yọjú sí kóòtù fún un lẹ́ẹ̀kan péré ní gbogbo èyí nínú fáìlì. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, màá wá a", ẹ dágbére fún un.

Ẹ yẹ ara lọ́yà náà wò pẹ̀lú. Gbogbo lọ́yà ní Nàìjíríà ló ní nọ́ńbà ní Supreme Court, ìwé tó bá sì kọ sí kóòtù gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí orúkọ tó wà lára òǹtẹ̀ bá yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára àkáǹtì báńkì tó fún yín, ẹ béèrè ìdí. Ẹ rántí pé ọmọ yín ni oníbàárà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó. Àgbàlagbà ni. Òun ló máa sọ bóun jẹ̀bi tàbí òun kò jẹ̀bi, òun náà ló sì lè lé lọ́yà lọ. Bí owó kò bá sí rárá, Legal Aid Council wà, iṣẹ́ wọn sì ni láti dúró fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà.

Ṣé Kuje ni lóòótọ́? Àwọn kóòtù Abuja máa ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí Suleja àti Keffi náà, ẹnu àwọn ẹbí a sì kàn máa sọ pé "Kuje". Èyí ṣe pàtàkì torí òun ló máa sọ ẹni tí ẹ máa bẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀nà Airport ni wọ́n ń gbà lọ Kuje, nítorí náà ẹbí tó ń gbé Lugbe tàbí Gwagwalada ló dáa. Suleja wà ní ìpínlẹ̀ Niger, ẹni tó ń gbé Kubwa tàbí Zuba ló sún mọ́ ọn. Keffi wà ní Nasarawa, ará Mararaba ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá ní kí ará Mararaba máa la Abuja kọjá lọ sí Kuje, odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kẹta tí ẹ bá pè é, fóònù rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Bó bá sì dé Kuje tí kò mọ ọ̀nà, kó sọ "gidan yari", ìyẹn ọgbà ẹ̀wọ̀n lédè Hausa, fún ọlọ́kadà. Orúkọ tí wọ́n mọ ọ́n sí nìyẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ béèlì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ará òkè òkun run. Béèlì kì í ṣe owó tí wọ́n ń san. Bí adájọ́ bá ní "mílíọ̀nù méjì náírà pẹ̀lú onídùúró kan", ohun tó ń wí ni pé kí onídùúró fọwọ́ sí i pé bí ọmọ yìí bá sá lọ, òun ló máa san mílíọ̀nù méjì. Bí kò bá sá, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Lóòótọ́, abala 165 òfin ACJA ti 2015, òfin ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn, gba kóòtù láyè láti ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ adájọ́ á sọ ọ́ kedere, rìsíìtì kóòtù ni ẹ máa gbà, owó náà á sì padà sọ́wọ́ yín bí ẹjọ́ bá parí. Kò sí ìgbà kankan tó ń gba àpò lọ́yà kọjá. Owó iṣẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ yàtọ̀: ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, iye tó jẹ́ ti ìwé béèlì àti iye tó máa gbà ní ọjọ́ kóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì.

Iṣẹ́ tó le níbẹ̀ ni wíwá onídùúró. Ní Abuja, ohun tí adájọ́ sábà máa ń fẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé level kan, tàbí ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀ nínú FCT. Òṣìṣẹ́ ìjọba á mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wá, ìwé ìgbéga tó gbà kẹ́yìn, káàdì ọ́fíìsì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀rí ibi tó ń gbé àti ìwé ìbúra kóòtù. Akọ̀wé kóòtù á wádìí níbi iṣẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á lọ wo ilé rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ: bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá ní "Olúwáṣeun" tí káàdì ní "Seun", wọ́n á dá a padà, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Kó lọ búra lórí orúkọ méjèèjì kó tó dé kóòtù. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, AGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ni wọ́n ti ń wádìí C of O, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Lugbe àti Kuje, ìwé Area Council (ìjọba ìbílẹ̀) ni wọ́n ní, ìyẹn kì í sábà kọjá níbẹ̀. Ilé yín tó wà ní Ìbàdàn kò wúlò fún èyí bí àṣẹ bá ti ní "nínú FCT". Ẹ̀yin fúnra yín náà ò lè dúró fún un bí wọ́n bá ní kí onídùúró máa gbé Abuja.

Àwọn kan wà tó ń rìn káàkiri ẹnu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n ń yá ara wọn fúnni bí onídùúró. Ẹ má súnmọ́ wọn. Ayédèrú ni ìwé wọn sábà máa ń jẹ́, bí akọ̀wé kóòtù bá sì já a, béèlì ti lọ nìyẹn, adájọ́ ò sì ní fojú rere wo ẹ̀bẹ̀ tó bá tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó níṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ẹ mú un lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gba obìnrin, abala 167 òfin kan náà sọ pé a ò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́ ní onídùúró.

Bí ohun tí adájọ́ béèrè bá le jù, ẹ má fi oṣù mẹ́ta wá ọ̀gá level 16 tí kò mọ̀ yín rí. Kí lọ́yà padà lọ bẹ kóòtù kó dẹ̀ ẹ́. Òfin ní béèlì ò gbọdọ̀ ni èèyàn lára ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ti gba béèlì tipẹ́tipẹ́, onídùúró ni wọn ò rí. Bí gbogbo ìwé bá sì pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Ìwé ìtúsílẹ̀ tó bá jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Ajé ló sábà máa ń dé ẹnu géètì ẹ̀wọ̀n.

Bó bá jẹ́ pé kóòtù kékeré kan ló kàn tì í mọ́lé nígbà tí ọlọ́pàá ṣì ń wádìí, ọjọ́ 14 ni òfin gbà, wọ́n sì lè fi 14 mìíràn kún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí tí wọn ò fi fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá ìyẹn. Ẹ bi lọ́yà ohun tó ṣe nípa rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí lè fò lásán: Bláàkì Màráyà, ọkọ̀ tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù, ò ní epo, adájọ́ lọ sí ìpàdé, tàbí kóòtù wà ní ìsinmi ọdọọdún láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù torí ọjọ́ kóòtù kan ṣoṣo.

Ìbẹ̀wò rọrùn bí ẹni tó lọ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Kó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, kó fi fóònù sílẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ dání, wọ́dà á ní kó ṣí kúlà, kó bu ṣíbí kan nínú ìrẹsì, kó jẹ ẹ́ lójú òun. Wọ́n lè gé ọṣẹ sí méjì, kí wọ́n ya búrẹ́dì wò. Ohun tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ni kó máa rà: gàárì, ṣúgà, ẹ̀pà, ọṣẹ ìfọṣọ àti ti ìwẹ̀, tísù, sálúbàtà, aṣọ ìbora. Owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́, ₦750 ni kí ìjọba tó sọ ọ́ di ₦1,125 ní 2024. Ẹ fi ọjà Abuja wọ̀n ọ́n. Bó bá ní ikọ́ fée (TB), ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ èémí (asthma), kí ìwé dókítà àti oògùn náà lọ tààrà sí kílíníìkì inú ẹ̀wọ̀n. Kí ẹni náà má fún wọ́dà kankan ní owó pé kó bá òun fún ọmọ náà láìgba ìwé.

Màmá, bí nọ́ńbà àjèjì bá pè yín lóru tí ohùn ọmọ yín sì ní kí ẹ fi ₦50,000 ránṣẹ́ kíákíá, ó lè jẹ́ òun lóòótọ́, àmọ́ fóònù èèwọ̀ ló fi ń pè, ẹlòmíràn ló sì lè máa dúró ti owó náà. Bí wọ́n bá ká fóònù mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ tí ẹbí tó lọ wò ó máa pè yín, kí ẹ sì yan iye kan lóṣù tí kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kọ lẹ́tà sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ á kà á, nítorí náà ẹ má kọ nǹkankan nípa ẹjọ́ sínú rẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, "awéètìn" ni ọmọ yín, ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Kò sí adájọ́ tó tíì dá a lẹ́bi. Èèyàn 560 ni wọ́n kọ́ Kuje fún. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ ọgbọ́n. Kí ẹ má sì ní kó "gbà pé òun jẹ̀bi kó lè tètè jáde". Àkọsílẹ̀ ọ̀daràn á tẹ̀ lé e dé ibi tó ti máa tọrọ físà Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ dá owó oníbàárà padà, ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ lọ́yà kọjá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹni tó fẹjọ́ sùn lè sọ pé òun ti dárí jì í, ẹjọ́ ò tíì parí: ìjọba ló ni ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba ló lè ní kí kóòtù fà á tì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, kí ẹni tó lọ gbà á mú ṣòkòtò àti bàtà lọ́wọ́, kó gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée àti kúrúnà kó tó wọ ilé tí ọmọdé wà. Kó má kúrò ní Abuja láìsọ fún lọ́yà. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kóòtù tí kò sí níbẹ̀, ìwé ìmúni ló kàn, ẹnu ọ̀nà onídùúró ni ọlọ́pàá á sì kọ́kọ́ kàn. Nọ́ńbà ẹjọ́ náà, bí ẹ bá ti rí i, ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbí o. Ẹni tó bá kà á lè pè yín lọ́la, kó ní òun ni akọ̀wé kóòtù.