Hilux Mi Ń Ké Láì Tẹná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Toyota Hilux 1993, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi ń kó kòkó láti oko wá sí Ilé-Olújí. Ẹ́ńjìnnì 22R-E ló wà nínú rẹ̀, jíà ọwọ́ ni. Láti bí oṣù mẹ́ta, bí mo bá ti tan án, á máa ké bíi pé ẹnì kan tẹná mọ́ ọn. Bó rìn dé Oǹdó, sílò rẹ̀ (bó ṣe ń sáré nígbà tí mi ò tẹná) kì í wálẹ̀. Mẹkáníìkì mi ti yí síkúrúù sílò wọlé títí ó fi kan ìdí, kò yí nǹkan kan padà. Ó ní kí n lọ ra throttle body (ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) mìíràn. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà hó lọ́nà, a sì pààrọ̀ rédíétọ̀. Látìgbà náà, ọwọ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn kì í kúrò nísàlẹ̀ mọ́, ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ mi nínú. — Ọmọ Àgbẹ̀, Ilé-Olújí.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ dá owó throttle body padà sápò ná. Ohun tó dùn mọ́ yín nínú yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dé ibi tó yẹ ń ṣàìsàn, gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń hó ṣe ń ṣàìsàn.

Lábẹ́ throttle body yín, fáàfù kékeré kan wà tí ìda wà nínú rẹ̀, omi rédíétọ̀ ló sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Nígbà tí omi bá tutù, fáàfù náà á ṣí, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé láì jẹ́ pé ẹ tẹná, ẹ́ńjìnnì á sáré díẹ̀ kó má baà kú láàárọ̀. Bí omi bá gbóná tó bíi 80 lórí ìwọ̀n Celsius, ìda á wú, á dí ihò náà, sílò á sì wálẹ̀ sí yíyí 750 ní ìṣẹ́jú kan. Síkúrúù tí mẹkáníìkì yín ń yí, ihò tirẹ̀ nìkan ló ń dí. Tó bá ti kan ìdí tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké síbẹ̀, atẹ́gùn ń gba ibòmíràn wọlé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n yọ thermostat dànù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n’Íbàdàn, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, ọkọ̀ tí mo sì yọ ọ́ lára wọn kò níye. Ó ń dùn mí títí dòní, torí epo tí àwọn ọkọ̀ yẹn ń mu lápọ̀jù, àpò àwọn oníbàárà mi ló ti jáde. Thermostat ló ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná. Láìsí i, omi á kàn máa sáré káàkiri, brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á rò pé òwúrọ̀ ni, á máa fún un lépo.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tí ẹ fi ń tẹná bóyá ó le jù, àti ráàgì abẹ́ ẹsẹ̀ bóyá ó há mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú kan ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ fi ìka kan àwọn hóòsì kékeré méjì tó wọ abẹ́ throttle body. Bí wọ́n bá tutù tàbí tí wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti já síbẹ̀: omi gbígbóná kò dé ara fáàfù yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ́n bẹntiróòlù sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ibi tó ń jò, ẹ lé e kúrò. Omi ọṣẹ ti tó.

Ẹ ra thermostat oníwọ̀n 82 tàbí 88. Kí ẹ tó fi í sínú ọkọ̀, ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná, kí ẹ fojú ara yín rí i bó ṣe ń ṣí. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi í sínú ọkọ̀, pín-ìn-nì kékeré ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Afẹ́fẹ́ tó há sínú omi náà lè mú kí fáàfù yẹn má gbóná, nítorí náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ fa heater sí ibi gbígbóná, ẹ wá tan án, kí ẹ máa rọ kúláńtì (omi rédíétọ̀) sí i títí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Ẹ má ṣí ìdérí yẹn láé nígbà tó bá gbóná.

Bó bá gbóná dáadáa tí ó ṣì ń ké, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi. Ní 80, ó yẹ kí ìdènà iná mànàmáná rẹ̀ wà láàárín 200 sí 400 ohms.

Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fi thermostat sí i, kí ẹ tó tan án rárá, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yí síkúrúù náà padà síta bíi yíyí méjì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ìdí, ọjọ́ tí fáàfù bá dí gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, kò ní sí ibi tí atẹ́gùn yóò gbà mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní oríta tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.