Ta ló sọ fún yín pé máàkì ọ̀fẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3. Nígbà tó ti ibi ìdánwò ìṣirò WAEC dé, ó ní ìbéèrè kan wà nínú tíọ́rì tí kò ṣeé ṣe rárá, pé wọ́n ṣi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀. Ó fò ó. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì ló ti sọ fún wọn pé ìbéèrè tó bá ti ní àṣìṣe, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, gbogbo ọmọ ni wọ́n máa fún ní máàkì rẹ̀. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? Físíìsì àti Bàọ́lọ́jì ṣì wà níwájú. Ẹnì kan tún ní òun mọ ẹni tó lè bá wa bá wọn sọ̀rọ̀, pé ká mú ohun kan wá. (Ìyá kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí kò gba àlàyé: ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó tán.

Ti máàkì ọ̀fẹ́ yìí ló ń bí mi nínú. Lẹ́tà kẹrin rèé tí mo máa gbà lórí rẹ̀ lóṣù yìí, àfi bíi pé ilé kan náà ni gbogbo àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì ti ń kọ́ ọ. Irọ́ ni. Bí kì í bá ṣe irọ́, àbọ̀ òtítọ́ ni, èyí tó tún léwu ju irọ́ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Kí àwa tí à ń máàkì WAEC tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà wa máa ń jókòó lórí ìwé tí a ń pè ní marking scheme, ìyẹn ìlànà tí gbogbo ẹni tó bá ń máàkì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tó lábùkù ti ń bọ́ sójú táyé. Wọ́n lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Wọ́n lè ní kí á gba ìdáhùn méjì. Wọ́n lè ní ẹni tó bá gbìyànjú nìkan ni ká wò. Wọ́n sì lè fún gbogbo ọmọ ní máàkì lóòótọ́. Kò sí ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò tó lè mọ èyí tí wọ́n máa yàn, ká tó wá sọ ti olùkọ́ lẹ́sìnnì. Bó bá jẹ́ objective, ká ní wọ́n gbà pé B àti D ló tọ̀nà: ẹni tó yan B gbà, ẹni tó yan D gbà, ẹni tó fi sílẹ̀ gba òfo. WAEC kì í sì í yọ máàkì fún ẹni tó bá ṣi ìdáhùn yàn. Kí wá ni èrè fífi sílẹ̀?

Ní ti tíọ́rì ìṣirò, ẹ máa rí M, ẹ máa rí A nínú marking scheme. M ni máàkì ọ̀nà tí ọmọ gbà, A ni ti ìdáhùn tó pé pérépéré. Ọmọ lè pàdánù gbogbo A, kó ṣì ṣa M jọ. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó funfun báláú, kí ni mo fẹ́ máàkì níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, ìtìjú rẹ̀ ti tán lára mi. Lọ́dún kan, èmi ni mo ṣètò ìdánwò ìṣirò SS2 nílé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè karùn-ún: onígun mẹ́ta kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, 6 àti 10, wá igun tó tóbi jù. Lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, 10 di 13. Mi ò tún un kà dáadáa. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni mo fọwọ́ sí i, NEPA ti mú iná lọ.

Ẹ já igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta, ẹ gé ọ̀kan sí 5, ọ̀kan sí 6, ọ̀kan sí 13. Ẹ to 5 àti 6 pọ̀, 11 ni wọ́n. Bí ẹ bá fi wọ́n sí orí 13 lọ́tùn-ún lósì, orí wọn kò lè kan ara wọn láé. Kò sí irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ ní cosine rule, ìyẹn òfin tí a fi ń ti gígùn ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta wá igun rẹ̀, kò ní rántí ìgbálẹ̀. Nọ́ńbà ló máa kó sínú rẹ̀: 25 + 36 − 169, ó jẹ́ −108, ó pín in sí ọ̀nà 60, ó di −1.8. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kakulétọ̀, kakulétọ̀ kọ Math ERROR sí i lójú.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yẹn tí kì í kúrò ní ipò kìíní. Nígbà tí mo ṣí ìwé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣe ìbéèrè karùn-ún, tó ń fagi lé e, tó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti fi bíírò tẹ ìwé náà débi pé ó ṣẹ́rí yọ lẹ́yìn. Kò dé ọ̀dọ̀ ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn rárá. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé kò tilẹ̀ bá ìbéèrè karùn-ún ṣeré. Kì í ṣe pé ó rí àṣìṣe o, kò mọ cosine rule ni. A fún gbogbo kíláàsì ní máàkì mẹ́wàá. Máàkì ọ̀fẹ́ náà nìyẹn! Ọmọkùnrin gba mẹ́wàá, ọmọbìnrin gba mẹ́wàá. Ta ló wá fẹ́ san ìdajì wákàtí tí ọmọbìnrin yẹn fi bá ohun tí kò sí jìjàkadì? Ipò kẹrin ló ṣe ní táàmù náà. Nígbà tó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò bínú. Ó ní, "Sà, mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ rántí ọdún 2025. WAEC gbé èsì jáde lóṣù kẹjọ, ó ní ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ariwo ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ti ojú òpó èsì pa, wọ́n ní àṣìṣe ti wọ objective Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n to ìbéèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí àwọn ọmọ má bàa jí ara wọn wò, ṣùgbọ́n kóòdù tí wọ́n fi máàkì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ, bíi kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé Àdìsá ṣílẹ̀kùn Àlàó. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 38.32 di 62.96. Wọn ò fi máàkì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ o. Ohun tí ọmọ ti ṣéèdì sílẹ̀ ni wọ́n padà wá fi kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ ṣí. Ẹni tó fi sílẹ̀ lófìfo, òfo ni wọ́n bá níbẹ̀. Ti JAMB lóṣù karùn-ún ọdún náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ni àṣìṣe ẹ̀rọ kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá tún un ṣe ni.

Ní ti ọmọ yín, èyí tó lọ ti lọ. Ẹ ní kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe rántí rẹ̀, kó gbé e lọ bá olùkọ́ ìṣirò ilé ìwé wọn, mi ò wí ti lẹ́sìnnì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè náà kò lábùkù: diameter ni wọ́n kọ, ọmọ kà á sí radius. Bó bá jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́, kí ọ̀gá ilé ìwé kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì WAEC tó sún mọ́ yín, kó kọ ọjọ́, orúkọ iṣẹ́ (subject) àti nọ́ńbà ìbéèrè sí i, kó sì yá, kí máàkì tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣèlérí ohunkóhun. Èmi kọ́ ni WAEC, ìpinnu wọn ni abẹ gé.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀ nínú Físíìsì, kó nawọ́ sókè, kó sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Onítọ̀hún kò láṣẹ láti ṣàlàyé ìbéèrè, ṣùgbọ́n ó lè fi tó àwọn tó yẹ létí. Kí ọmọ kọ ibi tó bá a dé, kó fi gbólóhùn kan tì í, bí irú èyí tó yẹ fún ìbéèrè tèmi yẹn: 5 + 6 kò tó 13, onígun mẹ́ta yìí kò lè wà. Kó wá ṣí ojú ewé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Objective ńkọ́? Kó ṣéèdì nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kó máa tètè sùn. Owó lẹ́sìnnì oṣù tó ń bọ̀, bí ẹ ò bá tíì san án, ẹ fi ra kakulétọ̀ gidi fún un.