Mo ti kọ mẹ́nù sínú ètò tí mo fi Python àti Tkinter (irinṣẹ́ Python fún ṣíṣe wíńdò) ṣe, àmọ́ kò hàn lórí wíńdò. Kí ni mo gbàgbé?

Ó jọ pé o ṣẹ̀dá mẹ́nù náà, ṣùgbọ́n o kò so ó mọ́ wíńdò. A kì í lo pack tàbí grid (àṣẹ tó ń to nǹkan sínú wíńdò) fún un bíi ti bọ́tìnnì. Wíńdò fúnra rẹ̀ la máa ń sọ fún pé kó gbé e:

import tkinter as tk

def si_faili():
    print("Ó ti ṣí")

root = tk.Tk()
oke = tk.Menu(root)
faili = tk.Menu(oke, tearoff=0)
faili.add_command(label="Ṣí", command=si_faili)
oke.add_cascade(label="Fáìlì", menu=faili)
root.config(menu=oke)
root.mainloop()

Ìlà root.config yẹn ni kókó ọ̀rọ̀.

Tún kíyè sí i pé mi ò fi àkámọ́ sẹ́yìn si_faili níbi command. Bí o bá kọ ọ́ ní si_faili(), Python á ti ṣe iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì ń to mẹ́nù, tí èèyàn bá wá tẹ "Ṣí", nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe yìí ti gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ mi rí.

Bí o bá fi accelerator="Ctrl+O" kún add_command, ọ̀rọ̀ lásán ló máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ṣí". Kí títẹ Ctrl+O tó lè ṣiṣẹ́, àfi kí o kọ èyí náà ṣáájú root.mainloop():

root.bind("<Control-o>", lambda e: si_faili())

Tó bá jẹ́ Mac lò ń lò, má wá mẹ́nù nínú wíńdò o. Òkè pátápátá lójú kọ̀ǹpútà ló máa ń wà.