Iná ló ń ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe dídán

Àbúrò mi, o béèrè ohun tí àwa tó ti pẹ́ nídìí ọ̀bẹ ń rí lára ọ̀bẹ dúdú alágbẹ̀dẹ, nígbà tí ọ̀bẹ tó ń dán kún ọjà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti ń dá ọ lóhùn láti àná. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Oǹdó rántí ọ̀bẹ Okapi bàbá wọn, èyí tó ń ṣẹ́ po, tó ní òrùka irin lẹ́yìn tí wọ́n ń fà kó tó ṣeé pa dé. Ìrántí yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1902, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, irin tó ń dípẹtà ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mìíràn sọ̀rọ̀ àdá Crocodile tó ti jẹ tán lóko kòkó, tí ìyá wọn ní kí wọ́n gé kúrú kó lè di ọ̀bẹ iṣu. Ọ̀pọ̀ ilé àgbẹ̀ lágbègbè Àkúrẹ́ níbí ló mọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ wọn ni pé orúkọ tó wà lára ọ̀bẹ kọ́ ló ń jẹ́ kó mú pẹ́, dídán rẹ̀ náà kọ́. Iná tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni.

Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi gbé ọkọ́ àti àdá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní ọ̀nà Oǹdó, mi ò sì yé lọ títí mo fi dàgbà. Irin sípírìn ọkọ̀ akẹ́rù ni alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ fi ń rọ ọ̀bẹ. Carbon, èròjà tó ń mú irin le, tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì ni irin nílò kó tó lè gba líle. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bó o ṣe wù kó o nà án tó, kò ní dọ̀bẹ gidi. Wọn á fẹ́ ẹwìrì títí irin á fi pọ́n, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lè fà á mọ́. Ìyẹn tó nǹkan bíi dígírì 770 ní ìwọ̀n Celsius. Wọn á jẹ́ kó gbóná sí i díẹ̀, wọn á wá tẹ̀ ẹ́ bọ òróró. Kì í ṣe omi o! Omi máa ń mú irin yẹn tutù lójijì, ó sì lè là. Bó bá jáde nínú òróró, ó le, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó lè ṣẹ́ sí méjì. Wọn á tún dá a pa dà síbi iná tí kò lágbára, nǹkan bíi dígírì 200, títí ibi tí wọ́n ti ha dán lára rẹ̀ á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Alágbẹ̀dẹ tó bá fo ìpele yìí, tàbí tó kàn rọ ọ́ tó fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ yóò dára lójú nìkan ni.

Ọ̀bẹ ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ bí iná ṣe lè ba ọ̀bẹ jẹ́. Ọ̀bẹ sípírìn ni, ó ti gé iṣu àti ẹran fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e fún ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta ẹ̀rọ náà, iná ń ta pàrà, kò sì fi omi sí i. Nígbà tó dé ilé, ẹnu rẹ̀ ti ní àwọ̀ búlúù. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pọ́n ọn láàárọ̀, á ti kújú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwọ̀ búlúù yẹn túmọ̀ sí pé ooru ti kọjá dígírì 290 tàbí 300, líle tí alágbẹ̀dẹ fi sí i ti lọ. Pípọ́n kankan kò lè dá a pa dà. Alágbẹ̀dẹ ló tún un ṣe: ó tún gbé e wọ iná, ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ òróró, ó sì tún gbé e pa dà síná kékeré. Ọ̀bẹ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Nítorí náà, òkúta ìpọ́n àti omi ni kó o lò. Gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 20, máa pọ́n apá kan títí wàá fi fọwọ́ kan irun irin tín-ín-rín ní apá kejì, kó o tó yí i.

Mi ò bú ọ̀bẹ tó ń dán. Láti ìgbà tí Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913 ló ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Èròjà chromium inú rẹ̀ kì í dín sí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló ń dáàbò bò ó. Fún ẹlẹ́ja tó ń fi ọwọ́ kan iyọ̀ àti omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí tó ń dán ni mo máa ní kó rà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kiri kò rí iná tó dáa rí.

Bó o bá fẹ́ ra ti alágbẹ̀dẹ, mú fáìlì kékeré, irin tí wọ́n fi ń ha irin, lọ, kó o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá náà kó o tó fà á lẹ́nu ọ̀bẹ, nítorí pé ọ̀wọ̀ iṣẹ́ wọn ni. Bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irin rírọ̀ ni. Bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, sanwó.

Bó o bá fi ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ gé ọsàn tàbí tòmátì, ara rẹ̀ á dúdú. Má fi iyanrìn ha á kúrò, dúdú yẹn kì í ṣe ìpẹtà. Fọ̀ ọ́, nu ún gbẹ kíá, kó o fi àdí àgbọn pa á. Òróró sóyà máa ń gan mọ́ irin bó bá pẹ́. Àkọ̀ awọ wà fún ìgbà tó o bá ń lọ oko nìkan. Lásìkò òjò níbí, awọ máa ń mu omi, á sì fi ìpẹtà jẹ ẹnu ọ̀bẹ láìjẹ́ kó o mọ̀, nítorí náà ara ògiri ni kó o gbé e kọ́.